Ẹ Wò Ó Kí Olóòlà Tó Dé

Ọwọ́ mi ni wọ́n bí i sí. Ọdún 1986 ni, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ọ̀nà Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbí. Òjò ń rọ̀, NEPA ti múná lọ, àtùpà la fi ríran. Ọmọ náà ké dáadáa, àwọn ará ilé kejì sì ń kí wa ẹ kú ewu láti ojú fèrèsé. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wọn kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀. Mo ka ìka ọwọ́, mo ka ìka ẹsẹ̀, mo wo ẹnu, mo wo ihò ìdí. Mo rí i pé ọkùnrin ni, mo sì ké sí ìyá ọkọ tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, "Màmá, ẹ kú oríire, ọkùnrin ni o!" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò fọwọ́ kan àpò ẹpọ̀n rẹ̀.

Ní 2022, ọkùnrin náà wá jókòó nínú pálọ̀ mi, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Atẹ̀wé ni ní Ṣómólú, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé KORD kan àti GTO kan nítòsí Bájuláyé, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Ọdún keje ìgbéyàwó wọn nìyẹn, ọmọ kò sí. Ó na àpòòwé kan sí mi. Èsì àyẹ̀wò ló wà nínú rẹ̀: wọ́n ti wo àtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí irúgbìn kan ṣoṣo níbẹ̀. Dókítà fọwọ́ wò ó, àpò ẹpọ̀n rẹ̀ ṣófo. Kóró méjèèjì ṣì wà nínú ikùn, wọn ò sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ní òun rò pé bí ti gbogbo ọkùnrin ṣe rí nìyẹn. Ta ni òun ì bá bi? Ó wá wo ojú mi, kò gbé ohùn sókè, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ tí ẹ gbẹ̀bí mi, ṣé ẹ ò rí i ni?"

Mi ò rí i nítorí pé mi ò wò ó. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn lọ́jọ́ náà, òun náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò pọ̀. Gbogbo ọmọkùnrin tí a bá bí, kí ẹnì kan fọwọ́ kan àpò ẹpọ̀n rẹ̀, kí ó sì wo ojú ihò ìtọ̀ rẹ̀, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kí a tún wò ó nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà. Kí a kọ ohun tí a rí sínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè mú un dání.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọkùnrin ṣe ń di ọmọkùnrin. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, atẹ̀wé lòun náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Shyllon. Òun ló jẹ́ kí ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní jíìnì yé mi. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé kàlẹ́ńdà aláwọ̀ mèremère kì í jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú: pálétì mẹ́rin ni, wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ẹ̀ gan-an. Bí pupa bá yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, ìyàwó inú àwòrán a ní ètè méjì. Bí o bá tẹ dúdú dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn náà, pupa tó ti yẹ̀ kò ní padà sójú ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú oyún. Sẹ́ẹ̀lì inú ojú rẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, odindi ìwé kan náà ni wọ́n dì mọ́wọ́; jíìnì ni ojú ewé rẹ̀. Ojú ewé tí a ṣí, àti ìgbà tí a ṣí i, ló mú kí ojú di ojú, kí ẹ̀dọ̀ sì di ẹ̀dọ̀. Jíìnì tí a kò ṣí nígbà tó yẹ kí a ṣí i dà bí pálétì tó wà lórí àga tí kò dé orí ẹ̀rọ.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kò yàtọ̀ síra nínú. Àwọn méjèèjì ló ní oríṣi ọ̀nà méjì lára: èyí tó lè di ilé ọmọ, àti èyí tó lè di ọ̀nà àtọ̀. Lẹ́yìn náà ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní SRY á jí. Orí kúrómósómù Y ló wà, èyí tí baba ń fún ọmọkùnrin. Ní 1990 ni àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter Goodfellow àti Robin Lovell-Badge pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kéde pé àwọn ti rí i. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi í sínú ọlẹ̀ èkúté tí ì bá jẹ́ abo, èkúté náà sì dàgbà di akọ. SRY á jí jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ SOX9, SOX9 á jí àwọn tó kù, kóró ẹpọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Kóró yẹn, bó ti kéré tó, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń rán jáde. Ìkíní ń jẹ́ AMH, òun ló ń pa ọ̀nà tó fẹ́ di ilé ọmọ rẹ́. Ìkejì ni testosterone, òun ló ń dá ọ̀nà àtọ̀ sí kó má bàa gbẹ. Alfred Jost, ará Faransé, ti fi èyí hàn ní 1947: ó yọ kóró ẹpọ̀n kúrò lára ọmọ ehoro tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, akọ náà sì gba ọ̀nà abo. Ìkẹta ni INSL3. Òun ni ọ̀rọ̀ wa kàn gan-an.

Nítòsí kíndìnrín ni kóró ẹpọ̀n ti ń hù, nínú ikùn lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni yóò ti rìn wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sì dìde ìrìn. INSL3 ló ń darí ìrìn àkọ́kọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún oyún: ó ń mú kí okùn tó so kóró mọ́ ìsàlẹ̀ wú, kí ó dì í mú síbi tí itan ti pàdé ikùn. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ rí i pé èkúté tí kò bá ní INSL3, kóró rẹ̀ kì í sọ̀. Ìrìn kejì di ọwọ́ testosterone. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kóró á ti gba ihò tóóró kan kọjá, títí yóò fi bọ́ sínú àpò nígbà tí oyún bá ń lọ sí oṣù kẹsàn-án.

Ìdí wà tó fi ń rin ìrìn yìí. Àpò ẹpọ̀n tutù ju inú ikùn lọ ní ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè irúgbìn kò lè fara da ooru inú. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò máa kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń pèsè testosterone lè fara dà á. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó jókòó níwájú mi fi ní irùngbọ̀n, tí ohùn rẹ̀ fi rinlẹ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń bá ara wọn gbé bí ọkọ àti aya láìsí ìṣòro. Yàtọ̀ sí àpò tó ṣófo náà, kò sí ohun kan lóde ara rẹ̀ tó lè mú kí ẹnikẹ́ni fura.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó fura sí i, orí ta ni ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dà lé? Ìyàwó náà sọ ọ́ fún mi lójú ọkọ rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Ó ti mu àgbo láti Ìjẹ̀bú, ó ti mu ti Ẹ̀gbá. Ó ti sùn ní orí òkè àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n ti yàwòrán ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fọ ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti sọ fún un pé ó ní láti jẹ́wọ́ ohun tó fi ìgbà ọmọge ṣe. Níbi ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ yíká, wọ́n ń fò ó. Ọdún mẹ́fà gbáko nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan tó sọ pé kí ọkọ náà lọ fi àtọ̀ sínú ike kékeré fún àyẹ̀wò ọjọ́ kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2023 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́fà ló máa ń rí ìṣòro àìrọ́mọbí nígbà kan láyé rẹ̀. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó bá wà nínú ìṣòro yìí, ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú obìnrin. Èkó yìí kì í ṣe ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládàpọ̀ Àṣírù àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie ti jọ ṣiṣẹ́ títí tí ọmọ IVF, ìyẹn ọmọ tí oyún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìgò, fi wáyé níbẹ̀ ní 1989. A mọ bí a ṣe ń fi owó gọbọi àti ẹ̀rọ ńlá wá ọmọ fún àgbàlagbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò fi ìka méjì wo ọmọ tuntun.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyàwó kó gbé e lé ìyá ọkọ. Richard Sharpe àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Edinburgh fi èkúté ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé sáà kúkurú kan wà nínú oyún tí testosterone gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kí àwọn ẹ̀yà ìbímọ tó yàtọ̀ lójú rárá. Bí sáà náà bá kọjá, àfikún tó dé lẹ́yìn kò tún un ṣe. Nínú oyún ènìyàn, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹrìnlá. Ẹ̀yin ìyá Bàrígà, oṣù mélòó ni ẹ máa ń gbé oyún dé kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀? Ẹlòmíràn a tó oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ ti parí kí a tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan kò lè mọ̀ọ́mọ̀ jí INSL3 fún ọmọ rẹ̀, kò sì lè mọ̀ọ́mọ̀ pa á.

Ohun tí mo mọ̀ láti inú iṣẹ́ ni irú ọmọ tó yẹ kí a tẹ̀lé lójú méjèèjì. Nínú àwọn ọmọkùnrin tó gbé oṣù wọn pé, nǹkan bí 3 nínú 100 ni kóró wọn, ọ̀kan tàbí méjèèjì, kì í tíì sọ̀ lọ́jọ́ tí a bí wọn. Nínú àwọn tí oṣù wọn kò pé, ó lè tó 30 nínú 100, nítorí pé wọ́n dé kí ìrìn kejì tó parí. Àwa Yorùbá sì ni ìyá ìbejì. Ìbejì sábà máa ń tètè dé, ara wọn a sì fúyẹ́. Ilé tí Táyé àti Kẹ́hìndé bá dé sí gbọ́dọ̀ wò ó ju ilé yòókù lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kóró yìí á sọ̀ fúnra wọn láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nítorí pé testosterone ọmọkùnrin tún máa ń ru sókè fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ní oṣù mẹ́fà, ó máa ń ku nǹkan bí 1 nínú 100. Èyí tí kò bá tíì sọ̀ nígbà náà kì í sábà sọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "á sọ̀ tó bá dàgbà" ti sọ òtítọ́ fún ọmọ oṣù méjì, kò sì sọ òtítọ́ fún ọmọ ọdún méjì. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì wáyé kí ọmọ tó pé ọdún kan àbọ̀. Wọ́n á la ibi kékeré síbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n á fa kóró wálẹ̀, wọ́n á rán an mọ́ inú àpò. Ọmọ mìíràn a sùn sílé ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kóró tó bá pẹ́ nínú ikùn tún lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú ju èyí tó wà ní ipò rẹ̀ lọ. Bí a bá tètè fà á wálẹ̀, ewu náà dín kù, ọwọ́ sì lè tètè kan kókó tó bá yọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olóòlà. Àwa kì í jẹ́ kí ọmọkùnrin pẹ́ kí a tó dákó fún un. Àṣà wa ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n láàárín 200 sí 300 ọmọkùnrin, ó máa ń bá ọ̀kan pé ojú ihò ìtọ̀ rẹ̀ kò sí lórí ṣóńṣó, abẹ́ okó ló wà. Àwọn jíìnì àti testosterone kan náà tí mo ti ń sọ ló yẹ kó ti ojú ọ̀nà náà pa títí dé òkè. Adọ̀dọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bo ẹ̀yìn nìkan bí fìlà tí kò dé iwájú orí. Ẹ gbọ́ o: oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ tún ọ̀nà ìtọ̀ náà ṣe, awọ adọ̀dọ́ yẹn gan-an ló fi ń ṣe é. Tí ọ̀bẹ bá ti gé e dànù lọ́jọ́ kẹjọ, aṣọ tí a fẹ́ fi rán aṣọ ni a ti jù sí ààtàn. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dákó fún tán kí ẹnì kan tó sọ pé ìtọ̀ rẹ̀ ń gba abẹ́ jáde. Olóòlà kò mọ̀, nọ́ọ̀sì tó gé òmíràn náà kò mọ̀. Ìwòye ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó pọ́n ọ̀bẹ ni ì bá yọ ọmọ náà.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ìjọba. Mo ṣe iṣẹ́ náà, mo mọ̀ bó ṣe wúwo tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti wà nílẹ̀, a kò ní la òmíràn. Ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ tí a bí i, ó ń padà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ó ń gba fítámì A ní oṣù mẹ́fà, ó ń gba abẹ́rẹ́ mìíràn ní oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgbà yìí, ìlédìí rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ níwájú wa, nítorí itan la ń gún. Ìlà kan péré ni mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bàrígà pé kí wọ́n fi kún káàdì náà: kóró ọ̀tún, kóró òsì, ojú ihò ìtọ̀, lọ́jọ́ ìbí, àti ní oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú lẹ ń tẹ káàdì fún ilé ìwòsàn káàkiri Èkó. Ìlà kan lórí pálétì kò ní wọ́n yín.

Kí ìjọba tó dáhùn, ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ̀ ń wẹ ọmọ, ẹ̀yin ni mo fọkàn tán. Nígbà tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti dé ara ọmọ, tí ẹ ti fi òrí pa á, tí ara rẹ̀ sì rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín móoru, nítorí kóró ọmọ a máa sá sókè bí òtútù bá bà á, á sì tún padà. Ẹ fi ìka kan tẹ ibi tí itan ti pàdé ikùn jẹ́jẹ́, kí ẹ rọra fi ìka wá a lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí ohun kékeré tó dà bí ẹ̀wà. Méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tàbí tí kò sí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ má bá ìyá ọmọ jà, ẹ má sì fi pamọ́ fún baba. Bí méjèèjì kò bá sí rárá lọ́jọ́ ìbí, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó atẹ̀wé náà gbọ́ gbogbo èyí nínú pálọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ìbínú ni yóò fi lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àbúrò rẹ̀ bí ìbejì ọkùnrin, oṣù wọn kò pé. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé àwọn méjèèjì wá bá mi kí olóòlà tó dé. Kóró Táyé pé. Ti Kẹ́hìndé, ọ̀tún nìkan la rí. Mo kọ ọ́ sínú káàdì, mo fi ọjọ́ sí i. Òun ló ń tọ́jú káàdì náà, òun ló ń ka oṣù. Nígbà tí oṣù kẹfà pé tí òsì kò tíì sọ̀, òun ló bá àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló sì jókòó dè wọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ní oṣù kẹwàá.

Ó wẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú egbò jinná. Lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù. Mo ń gbọ́ omi, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ. Kò kí mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, méjì ni."